Ọmọ ogun amọ̀ márùn-ún nínú àpótí kan: ohun tí mo rí lára èyí tí mo rà ní Òṣogbo

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra àpótí kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ilé kan ní agbègbè Ọlá-Ìyá níhìn-ín ní Òṣogbo. ₦55,000 ni ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kọ́kọ́ dá lé e, a nájà títí, ₦38,000 ni mo sì san níkẹyìn. Inú àpótí náà, tí wọ́n fi aṣọ pupa aláràbarà bò níta, tí wọ́n sì fi fóòmù tí wọ́n gé ihò sí tẹ́ nínú, ni ère kéékèèké márùn-ún wà: balógun kan, ìjòyè ogun kan, tafàtafà kan tó dúró, tafàtafà kan tó kúnlẹ̀, àti ẹṣin kan. Èyí tó ga jù nínú wọn kò ju 16 cm lọ. Àwọn tí wọ́n ń ṣe àfarawé wọn ni àwọn ọmọ ogun amọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níhà ìlà-oòrùn ibojì Qin Shi Huang, ọba tó kọ́kọ́ so ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ ṣọ̀kan ní ọdún 221 ṣáájú ìbí Jésù, tó sì wàjà ní ọdún 210.

Iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdí tí mo sì fi ra àpótí náà kò ju pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní kíláàsì rí ohun tí a ń sọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ère amọ̀ Ilé-Ifẹ̀, ó rọrùn fún mi, nítorí pé ọkọ̀ kan náà ni a ó wọ̀ tí a ó fi dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, bí a bá sì fẹ́ rí ère tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ìlú Xi'an ní Ṣáínà, níbi tí àwọn ọmọ ogun amọ̀ náà wà, jìnnà sí wa ju kí n máa fi ọwọ́ júwe lọ, fọ́tò inú ìwé kò sì lè fi ẹ̀yìn ère han ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé kí n ra èyí tí ọwọ́ lè gbé, kí ọmọ yí i, kí ó wò ó lábẹ́ àti lẹ́yìn. Ojú yẹn ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín, n kò wò ó bí ẹni tí ó kàn fẹ́ fi nǹkan sí orí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ọmọbìnrin náà ni pé kí ni wọ́n fi ṣe é, ó sì dá mi lóhùn láìṣẹ́jú pé, "Amọ̀ gidi ni, sà. Láti Ṣáínà ni wọ́n ti kó o wá." Ó dá mi lójú pé kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún mi, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sí ara àpótí náà nìyẹn. Àmọ́ ìyá tó bí ìyá mi, amọ̀kòkò ni ní Ìpetumodù, mo sì ti jókòó tì í tó nígbà tí mo wà ní kékeré láti mọ ohun tí amọ̀ tó jinná máa ń sọ. Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde, bí ó bá sì ti tutù, Ìyá Àgbà a fi ọmọ ìka kàn án lára lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá dún ketekete, a gbé e sí apá kan fún ọjà, bí ó bá dún pẹ̀rẹ̀, ó ti sán níbì kan tí ojú kò rí, ti ilé nìyẹn. Nígbà tí mo délé, mo kan balógun náà. Kò dún ketekete, kò sì dún pẹ̀rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn kan àjà ilé. Mo yí i dé, mo fi èékánná họ ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun funfun sì bọ́ sí mi lọ́wọ́: pí-ó-pí ni, ọmọ ìyá èyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣe àjà yàrá wa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìjòyè ogun, ẹṣin àti tafàtafà tó dúró, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Èyí tó kúnlẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó dún. Mo fi omi kán an ní ìdí níbi tí wọn kò ti kùn ún, ó fa omi náà mu kíákíá bí ìkòkò tuntun ti máa ń ṣe, òórùn òjò àkọ́rọ̀ sì jáde lára rẹ̀. Báwo ni amọ̀ kan ṣe wọ àárín pí-ó-pí mẹ́rin nínú àpótí kan ṣoṣo, n kò lè sọ. Bóyá ilé iṣẹ́ méjì ni wọ́n ti kó wọn wá kí wọ́n tó dì wọ́n pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀tàn wà nínú kí ènìyàn kọ "amọ̀" sí ara ọjà tí amọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe mọ àwọn ọmọ ogun náà gan-an lè rò pé mo ń wá ìjà. Ní ti gidi, wọ́n ga tó ènìyàn, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ tó 190 cm, amọ̀ àdúgbò ni wọ́n sì fi mọ wọ́n. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ wọn ní àmọ̀kì kí ó lè gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀, wọ́n wá ń ká amọ̀ gígùn lé ara wọn róbótó róbótó láti fi mọ àyà àti ikùn tí inú rẹ̀ ṣófo, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin ṣe ń ká amọ̀ lé orí ìdí ìkòkò títí yóò fi dé ọrùn. Orí àti ọwọ́ ni wọ́n mọ lọ́tọ̀. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi tẹ ìpìlẹ̀ ojú, wọ́n á wá fi ọwọ́ lẹ etí, irùngbọ̀n àti òṣùṣù irun mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ohun tó kù, kí wọ́n tó sun ún. Ìdí nìyí tí kò fi sí ojú méjì tó bára mu pátápátá nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti hú jáde. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ ìkòkò rí, yóò yé e lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ènìyàn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ amọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Wọn kò sì jẹ́ kí ẹni tó ṣe é sá pamọ́. Lára àwọn ère náà ni wọ́n ti rí orúkọ àwọn olórí oníṣẹ́, ju 80 lọ, tí wọ́n tẹ̀ tàbí tí wọ́n fín sí ibi kọ́lọ́fín, kí ó lè rọrùn láti mú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dára. Mo yí ère márààrún mi dé láti wá orúkọ. Bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹṣin, tó sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, ni gbogbo ohun tí mo rí. Ta ni mo fẹ́ mú?

Ojú wọn gan-an ló bí mi nínú jù. Ojú balógun, ojú ìjòyè ogun àti ojú tafàtafà tó dúró, ọ̀kan náà ni: imú kan náà, ètè kan náà, kódà kókó kékeré kan tí mọ́ọ̀dù fi sílẹ̀ lábẹ́ ihò imú apá òsì wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fìlà àti aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n sórí tábìlì ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Sà, ṣé ìbẹta ni wọ́n ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan sì fi kún un pé kí n lọ wá ẹ̀wà àti epo, kí a ṣe sàráà fún wọn. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ náà gan-an ni pé a lè dá àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò inú fóònù mi ni mo padà lò láti ṣàlàyé ohun tí ₦38,000 kò lè ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ogun náà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré. Lára àwọn ère tòótọ́, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n to ẹ̀wù náà bí ìpẹ́ ẹja, ọgbọ́n kan sì wà níbẹ̀: ní àyà, ti òkè ni ó gun orí ti ìsàlẹ̀, ní ikùn ẹ̀wẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ó gun orí ti òkè, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé ìpẹ́ náà gún un. Ẹni tó gbẹ́ mọ́ọ̀dù balógun inú àpótí mi kò bìkítà nípa èyí. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ ni ó fà láti ọrùn dé orúnkún bí ẹni fà á fún eré àyò. Ọ̀já tí ó yẹ kí wọ́n dì ní kókó sí àyà balógun, èyí tí a fi ń dá ipò rẹ̀ mọ̀, wọ́n sọ ọ́ di kókó róbótó méjì tí ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé bọ́tìnnì ni.

Ẹ wá jẹ́ kí n yìn èyí tó yẹ kí n yìn. Tafàtafà tó kúnlẹ̀ náà, bí ó bá ṣe pé òun nìkan ni wọ́n tà fún mi, n kò ní ṣàròyé kankan. Ó fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ òsì sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ẹni tó di akatanpó mú. Akatanpó náà kò sí níbẹ̀, èyí sì tọ̀nà, nítorí pé igi ni wọ́n fi ṣe ara ti àtijọ́, ó sì ti jẹrà tipẹ́ kí wọ́n tó hú wọn. Ìpẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ yí padà ní ikùn bí ó ti yẹ. Ojú rẹ̀ kò jọ ti àwọn ìbẹta náà rárá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú náà le, ó sì tẹjú mọ́ ibi tí ó ń wò. Nígbà tí mo yí i láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo bá a níbẹ̀: lábẹ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún tó tẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó ṣe é ti fi abẹ́rẹ́ tọ ojú abẹ́rẹ́ aránbàtà kéékèèké, ó ti pọ̀ níwájú, ó fọ́nká ní àárín, ó tún pọ̀ ní gìgísẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lára ère tòótọ́, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 120 cm. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní wò láéláé ni, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Mo fi awò tí mo fi ń kàwé wo ó tán, mo gbé e fún ìyàwó mi, tí kì í fẹ́ràn kí n fi owó ra ère, ohun tó sì sọ ni pé, "Èyí dára o. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Àǹfààní mìíràn tún wà lára ti pé ó kúnlẹ̀. Igi ńláńlá, ẹní àti yèèpẹ̀ ni wọ́n fi bo ihò tí àwọn ọmọ ogun náà wà, nígbà tí òrùlé náà sì wó, àwọn tó dúró ni ó kọ́kọ́ lù, tó sì fọ́ wọn wẹ́wẹ́. Àwọn tó kúnlẹ̀ kò ga, ewu wọn dín kù. Láti ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí ilé mi lórí ọ̀kadà, òfin kan náà ni ó ṣiṣẹ́ nínú àpótí mi, nítorí pé etí ẹṣin àti ìka tafàtafà tó dúró ni mo bá nínú fóòmù nígbà tí mo ṣí i, èyí tó kúnlẹ̀ kò sì fara pa níbì kankan. Fóòmù náà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gé ihò rẹ̀ fẹ̀ jù, àwọn ère náà sì ń mì nínú rẹ̀ bí obì nínú agolo.

Mo gbé ẹṣin náà padà lọ ní ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin náà kí mi dáadáa, ó sì bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ó ní ọjà tí ó bá ti jáde kì í padà, àti pé bí n bá fẹ́, òun lè bá mi wá gọ́ọ̀mù. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ etí ẹṣin nìkan kọ́ ló gbé mi wá, pé wọ́n kọ amọ̀ sí ara ohun tí kì í ṣe amọ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá náà sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé òun yóò san ₦5,000 padà fún mi, ó sì san án kí n tó kúrò níbẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi nínú díẹ̀, n kò sì ní pa á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa jáde, àpótí yòókù ṣì wà lórí pẹpẹ, láàárín ìlẹ̀kẹ̀ àti àdìrẹ tí wọ́n tò de àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun, "amọ̀" ṣì ni wọ́n kọ sí i.

Nípa ẹṣin yìí kan náà, àléébù kan wà tí etí tó kán kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ẹṣin tòótọ́ ní ihò ní ẹ̀gbẹ́ ikùn, tí wọ́n dá sí i kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè rí ọ̀nà jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun wọ́n, kí wọ́n má bàa bẹ́ nínú iná. Ọmọ amọ̀kòkò kankan kò ní gbàgbé irú èyí. Pí-ó-pí kò wọ iná, kò nílò ihò, wọn kò sì dá a sí i.

Ti àwọ̀, mo gbà fún wọn níbì kan, mo kọ̀ níbì kan. Àwọ̀ eérú tí wọ́n kùn wọ́n tọ̀nà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ́n, wọ́n ti fi oje igi kùn wọ́n lára, wọ́n sì kun ọ̀dà pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti elésè àlùkò lé e lórí, elésè àlùkò náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n po fúnra wọn láti ara bàbà àti báríọ́ọ̀mù. Tafàtafà kan tó kúnlẹ̀ tilẹ̀ wà tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ ní pàtó. Bí wọ́n bá ti hú wọn sí inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni oje igi náà máa ń ká kúrò, a sì kó ọ̀dà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe ère tèmi kò fẹ́ ká gbàgbé pé wọ́n ti inú ilẹ̀ wá, ni wọ́n bá fi eruku pupa kan ra gbogbo kọ̀rọ̀ wọn. Mo fi aṣọ tútù nù wọ́n, eruku náà di ẹrẹ̀, ó sì bá aṣọ tábìlì ìyàwó mi jẹ́.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpótí náà, tó sọ pé 8,000 ọmọ ogun ni wọ́n ti hú jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n pé ó wà nínú àwọn ihò náà ni 8,000, àwọn tí wọ́n ti hú tí wọ́n sì ti tò pọ̀ kò ju bí 2,000 àti díẹ̀ lọ, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ìwé náà tọ̀nà pé àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga ní oṣù kẹta ọdún 1974 ló rí wọn. Ó tún tọ̀nà pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1987. Inú àwọn ọmọ mi dùn láti gbọ́ èyí, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àjọ náà kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun tiwa náà sílẹ̀ ní 2005.

Ìbéèrè tó gba àkókò wa jù ní kíláàsì ni pé kí ni ọba fẹ́ fi ọmọ ogun amọ̀ ṣe. N kò tíì dáhùn tí ọmọ kan fi sọ pé abọ́bakú ni wọ́n. Mo sọ fún un pé kò jìnnà sí òtítọ́. Àwọn ọba ilẹ̀ Qin ayé àtijọ́, tí wọ́n jẹ ṣáájú Qin Shi Huang, a máa mú ènìyàn sin mọ́ ara wọn, títí ọba kan nínú wọn fi fòfin dè é ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ère ni ó rọ́pò ènìyàn. Ṣùgbọ́n òpìtàn Sima Qian kọ ọ́ pé nígbà tí Qin Shi Huang wàjà, wọ́n sin àwọn ìyàwó rẹ̀ tí kò bímọ mọ́ ọn, wọ́n sì ti àwọn oníṣẹ́ mọ́ inú ibojì náà. Ìjíròrò náà gba odidi wákàtí. Tafàtafà tó kúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn mẹ́ta tó jọra náà sì wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Bí mo bá ní láti fún un ní máàkì bí mo ti ń fún àwọn ọmọ, 8 nínú 10 ni mo fún tafàtafà tó kúnlẹ̀, 3 ni mo fún àwọn yòókù lápapọ̀, fóòmù náà kò sì rí ju 1 gbà. Ẹni tó fẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé lásán lè rà á, bí ó bá lè ná an dé ₦20,000. Olùkọ́ tó bá fẹ́ rà á fún kíláàsì, kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta èyí tó kúnlẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan lẹ́yìn mi, ní ₦9,000. Kí ó ní kí wọ́n ṣí àpótí níwájú òun, kí ó kan ère náà pẹ̀lú ìka, kí ó kán omi sí i ní ìdí, kí ó sì wo abẹ́ bàtà rẹ̀ bóyá ojú abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, nítorí pé n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ti inú gbogbo àpótí yòókù ló jẹ́ amọ̀ bíi tèmi.